Ta Ni Wọ́n Kọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Yìí Fún?

Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti ohun tí ojú àwọn ọmọ ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye ń rí nílé ìwé. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé n kò ní lọ wá àpẹẹrẹ dé Jos tàbí Warri. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ nínú Ìbàdàn níbí, ẹlòmíràn nínú yín á sì rí i pé ẹ̀yìn ọgbà òun gan-an ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, bí a bá ti dárúkọ ẹ̀yà kékeré, òṣèlú ni ọkàn wa ń sáré lọ bá. Ó nídìí. Ní 1957, ìjọba amúnisìn rán Sir Henry Willink àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù kí òmìnira tó dé. Ìbàdàn yìí ni olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn Ẹdó àti Urhobo wà títí wọ́n fi yọ Mid-West sọ́tọ̀ ní 1963. Ìròyìn Willink jáde ní 1958. Kò fọwọ́ sí dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ó ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka orí ká tó mọ ẹni tó kéré: mélòó ni yín, mélòó ni wá, ìbò ta ló pọ̀ jù?

Ìṣirò yẹn wúlò nílé aṣòfin. Nílé ìwé, ó máa ń ṣi ni lọ́nà. Kí ilé ìwé tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní ló ti ní ọmọ kan lọ́kàn: èdè tí ọmọ náà ń sọ, orúkọ tó ń jẹ́, ẹ̀sìn tó ń ṣe, irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, bí etí rẹ̀ ṣe ń gbọ́ràn. Ọmọ tó bá jọ ọmọ yẹn, ilé ló dé. Èyí tí kò bá jọ ọ́, àlejò ni, ìbáà ṣe pé irú rẹ̀ ló kún ìgboro.

Ẹ wo bí ìwé ṣe wọ Ìbàdàn. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Ìjòyè Olúnlóyọ̀ ló fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ní ìwé. Ní ìlú jagunjagun, ọmọ tó ń lọ jókòó ti ìwé lójoojúmọ́ ni ẹni tí a ń wò tìyanu-tìyanu. Òun ló kéré. Kò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí nǹkan fi yí padà pátápátá. Àwọn ìjọ Kristẹni ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé tó wà nílùú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, Mùsùlùmí ni wọ́n. Yùsúfù á wọlé láàárọ̀, Joseph ni wọn á pè ní rẹ́jísítà. Mùsá di Moses. Àwọn bàbá kan tìtorí èyí fi ọmọ sílẹ̀ sí ilé kéú. Àwọn mìíràn dákẹ́, wọ́n ní kí ọmọ ṣáà mọ̀wé. Ìlú tí Mùsùlùmí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá di ìlú tí ọmọ Mùsùlùmí ti jẹ́ àlejò nínú kíláàsì.

N kò bú àwọn míṣọ́nnárì o. Bí kò bá sí tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní mọ A yàtọ̀ sí B. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, ọmọ ìjọ ni.

Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò ńlá nílùú yìí àti aṣáájú àwọn obìnrin ọjà, kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé wọn kò gba ọmọbìnrin rẹ̀ sí ilé ìwé kan nítorí pé Mùsùlùmí ni. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé aláwọ̀ funfun. Ó kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, nígbà tó sì di 1964, ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ti ń gba ọmọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé ó ṣe nǹkan méjì pọ̀. Ó fi hàn pé iye nìkan kò gba ọmọ lọ́wọ́ ìtìjú. Ó sì tún fi hàn pé a lè kọ́ ilé ìwé mìíràn tó ní ọmọ mìíràn lọ́kàn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé ṣáájú ìgbà yẹn. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 lọ sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. A ti yin ètò náà tó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ibi tí ètò náà kò dé, kí ló sì fà á. Ibì kan wà láàárín Ìbàdàn níbí, kò jìnnà sí Ilé Ìjọba, tí ọ̀pọ̀ òbí ibẹ̀ kò tìtorí ọ̀fẹ́ kó ọmọ wá.

Sábó ni mò ń sọ. Ní 1916 ni wọ́n fún àwọn Hausa ní ilẹ̀ tiwọn lẹ́bàá Mọ́kọ́lá. Obì ń ti ọ̀dọ̀ wa gòkè lọ sí Kánò, màlúù ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá, Sábó ni wọ́n ti ń pàdé. Abner Cohen, onímọ̀ nípa ìgbé-ayé ẹ̀dá, gbé láàárín wọn ní 1962 àti 1963, ìwé tó kọ nípa wọn sì jáde ní 1969. Mo fẹ́ kí olùkọ́ tó bá lè rí ìwé náà kà á, nítorí ìdí kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà náà gbà pé àwọn Hausa Sábó kò kàwé nítorí pé ojú wọn kò tíì là. Cohen wo ọjà wọn, ohun mìíràn ló rí.

Oníṣòwò kan ní òkè á kó màlúù ránṣẹ́ sí mai gida kan ní Sábó, láìsí ìwé àdéhùn, láìsí báǹkì tó dúró fún un. Mai gida á gba àwọn àlejò sílé, á bá wọn ta ọjà, á dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ fún alápatà tó ra màlúù láwìn, á sì rí i dájú pé owó padà dé òkè. Kí ló mú kí ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn fọkàn tán an? Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ, àna ara wọn ni wọ́n. Nígbà tí òṣèlú ìgbà òmìnira fẹ́ tú àkóso wọn ká, wọ́n tún fà mọ́ ẹ̀sìn gírígírí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ wọn wọ ẹgbẹ́ Tijaniyya. Jíjẹ́ Hausa ni owó ìdókòòwò wọn. Bàbá tó bá mú ọmọ lọ sí ilé ìwé tó ní Joseph lọ́kàn ń fi ogún ọmọ náà tàfàlà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn wo la wá fún irú bàbá bẹ́ẹ̀? À ń sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ dára ju òkùnkùn lọ. Ọmọ rẹ̀ sì ń ti àárọ̀ kùtùkùtù jókòó ti wàláà, ó ń kọ, ó ń kà, bí ọmọ tiwa ṣe ń ṣe nílé kéú ní Òkè-Àrẹ̀ àti Òjé. Ẹni tó mọ ìwé kan kà ni à ń pè ní púrúǹtù nítorí pé kì í ṣe ìwé tiwa. Èmi rò pé àfojúdi yẹn ló pẹ́ jù nínú ohun tó dá ẹ̀kọ́ dúró ní Sábó, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ àwọn òbí.

Nǹkan ti yàtọ̀ lóde òní. Àwọn ọmọ Sábó wà ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá Ìbàdàn bí ẹni tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ. Síbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní kíláàsì. Mọ́là. Bí ọmọ náà bá gba ipò kìíní, Mọ́là ló gba ipò kìíní. Eré ni, bí àwọn olùkọ́ kan ṣe ń sọ. Ó lè jẹ́ eré ní ọjọ́ tí ìlú tòrò. Ní oṣù kejì 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, àwọn ènìyàn kú, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, àwọn gómìnà láti òkè sì wá bá Gómìnà Mákindé kẹ́dùn. Nígbà tí kíláàsì bá wọlé lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orúkọ tí a ti fi ń ṣeré á wá wúwo lẹ́nu, ọmọ ọdún mẹ́wàá á sì di aṣojú fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá ti dá eré náà dúró ṣáájú kò ní rí ọ̀nà dá a dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé Sábó nìkan ni. Ní Ring Road tí a péjọ sí yìí, àti wọnú Olúyọ̀lé Estate lọ, ọ̀pọ̀ ilé ló ní mégáàdì, ọ̀pọ̀ mégáàdì ló sì ń gbé nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá géètì pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ọmọ ọ̀gá àti ọmọ mégáàdì á jọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé, Yorùbá ni wọ́n á fi pariwo. Láàárọ̀, ọ̀kan á wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwé aládàáni, èkejì á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ti ìjọba bí ó bá ń lọ rárá. Òfin ẹ̀kọ́ gbogbogbò ti 2004 sọ pé ọ̀ranyàn ni kí ọmọ kàwé dé ìparí girama kékeré, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí Gómìnà Mákindé wọlé ní 2019, ó fagi lé owó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún mégáàdì, èdè wo ló sì fi sọ ọ́? Ìwé ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì lédè Gẹ̀ẹ́sì kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á síṣẹ́, ẹ ti bi í rí ọmọ mélòó ló ní nílé ìwé?

Bí mégáàdì náà bá mú ọmọ dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé, fọ́ọ̀mù ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa bi í pé ìpínlẹ̀ wo lọmọ ti wá. Àdéoyò tó wà ní Ring Road ni wọ́n ti bí ọmọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Kánò tàbí Sókótó ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, níbi tí ọmọ náà kò dé rí, tó sì jẹ́ pé bó bá dé ibẹ̀ lọ́la, ọmọ tó ti gúúsù wá ni wọ́n máa pè é. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì àwọn ìpínlẹ̀ kan ń gba owó tó ju ti onílé lọ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá pè ní àlejò. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wọ ibùdó tí a jókòó sí yìí. Ìlú tí àlejò tẹ̀ dó ni. Oríkì wa gan-an ń yangàn pé àjèjì ń rí àyè níbí ju onílé lọ. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀.

Mo fẹ́ yà bàrá wàyí, nítorí ẹni tó kéré jù nínú kíláàsì lójú ọ̀nà yìí lè má jẹ́ Hausa rárá.

Ẹ rìn láti Challenge dé Liberty, ẹ máa ka pátákó ilé ìwé aládàáni. Nínú ọgbà ọ̀pọ̀ wọn, òfin wà pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ sọ fánákúlà. Fánákúlà ni Yorùbá. Ọmọ tó bá sọ ọ́ á san owó ìtanràn, tàbí wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, tàbí kó jẹ ẹgba. Ní ìlú tó fi Yorùbá jẹun, tó fi Yorùbá ná ọjà Bódìjà, tó fi Yorùbá gbàdúrà, ọmọ tó ń sọ Yorùbá ni aláìmọ̀wé nílé ìwé. A ti wá sọ ara wa di ẹ̀yà kékeré nínú ilé bàbá wa, a sì ń san owó ilé ìwé gọbọi lórí ẹ̀.

Àìmọ̀ kọ́ ló fà á, nítorí a ti dán òmíràn wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà nílé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà àtijọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò kẹ̀rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 wá sọ pé kí a fi èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní ìparí 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi.

Àwọn tó fara mọ́ ìkéde yẹn ní àwíjàre kan tí kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí a bá fi Yorùbá kọ́ gbogbo kíláàsì n'Íbàdàn, kí ni kí ọmọ Tífì tó tẹ̀lé òbí rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ oko ṣe? Kí ni kí ọmọ Ìgbò ní Ẹkọ́tẹ̀dó ṣe? Òótọ́ ni pé èdè àdúgbò lè di pàṣán lára ẹni tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò, ètò Mọdákẹ́kẹ́ kò sì dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdáhùn tí wọ́n mú wá. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣojúsàájú, nítorí kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Ring Road. Àwọn ọmọ wà nínú àwọn ilé ńlá wa tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀. Nítorí náà, ọmọ alápatà Sábó àti ọmọ alágbo Òjé jọ jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ọmọ ọlọ́mọ́tò ni ó jókòó tì í. Ẹ̀yà ni wọ́n wò, wọn kò wo àpò.

Ìdáhùn mi kò lọ́gbọ́n púpọ̀. Jẹ́ kí Yorùbá tí àwọn ọmọ jọ ń fi gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ èdè àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, ó kéré tán fún ọdún mẹ́ta, nítorí òun ni ọmọ mégáàdì náà gbọ́. Níbi tí àwọn ọmọ èdè mìíràn bá pọ̀ sí, bíi Mọ́kọ́lá, kí a wá olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè wọn síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Sábó tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ kò ní ṣàìsí.

Ojú àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wa náà rí irú ìyà yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì mọ bí inú ṣe máa ń bí wa tí a bá gbọ́. Ní 1971, Bernard Coard, olùkọ́ ọmọ Grenada, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti erékùṣù Karíbíà lọ sí ilé ìwé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ wọn. Ìdánwò tí wọ́n fi wọn ọgbọ́n wọn ni ó ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn, àwọn olùkọ́ sì ti pinnu ibi tí ọmọ dúdú máa jókòó kó tó wọlé. Àwọn òbí dá ilé ìwé ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fúnra wọn, bí Alhaja Alága ṣe ṣe níbí. Bí Yorùbá bá ka ìwé Coard, á káàánú ọmọ náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á tán yọjú wo àga ẹ̀yìn nínú kíláàsì tirẹ̀.

Títí di báyìí, bí ilé ìwé ṣe ń lé ọmọ sẹ́yìn ni mò ń sọ. Ìbàdàn tún ní àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé ìwé láti ìpìlẹ̀ nítorí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò retí, mo sì gbà pé òun ló wúlò jù fún wa lónìí.

Andrew Foster ni orúkọ ọkùnrin náà, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Alabama ní 1925, tí àìsàn sì di etí rẹ̀ pa ní kékeré. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní 1954. Ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì wá sí Ìbàdàn ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ adití ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà. Odi ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á rán wọn ní omi, wọ́n á rán wọn lóko, kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ ju kí ó nàka lọ. Foster kó wọn jọ, ó kọ́ wọn ní èdè àfọwọ́sọ, ó sì fi èdè náà kọ́ wọn ní ìwé. Adití ló ń kọ́ adití. Ilé ìwé tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà lé ní 30 kí ọkọ̀ òfuurufú tó já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní 1987.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dojú dé. Ọmọ Hausa ní èdè nílé, kò ní i nílé ìwé. Ọmọ adití kò ní èdè nílé, nítorí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ èdè ọwọ́. Ilé ìwé ló ti kọ́kọ́ pàdé ẹni tó yé e. Nínú ìdílé rẹ̀, òun nìkan ni. Nínú kíláàsì yẹn, gbogbo wọn ni. Èdè Amẹ́ríkà ni Foster kó wá o, àwọn onímọ̀ kan sì ti ń jà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ wo àmì tí àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò padà sí ẹ̀yìn ilé. Ní Methodist Grammar School ní Bódìjà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití àti àwọn tó ń gbọ́ràn jọ wà nínú ọgbà kan náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe sì ti wà láti 1977, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní oṣù kìíní 2019. Ìwé òfin kò gbọ́ èdè ọwọ́ ṣá. Ó ku ẹni tó máa túmọ̀ nígbà tí ọmọ náà bá dé yunifásítì, tí olùkọ́ kọjú sí pátákó tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ìjọba náà gbìyànjú láti kọ́ ilé ìwé tó bá ọmọ mu fún àwọn Fúlàní darandaran nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní 1989, pé kí kíláàsì máa bá màlúù rìn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dára. Ibi tó ti ń ya ni pé olùkọ́ kì í fẹ́ gbé inú igbó, owó kì í dé lásìkò. Lẹ́yìn ìjà Ìgangan ní 2021, àwọn kan ní Ìbàràpá kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Fúlàní mọ́. Ìrora wọn yé mi, ẹ̀mí ló lọ. Ọmọ tí a bá lé kúrò ní ilé ìwé lónìí kò ní kúrò nínú igbó Ìbàràpá lọ́la, ohun tí yóò fi ṣe iṣẹ́ ni kò ní í mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣì wà nílẹ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí a ti pariwo lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjà híjáàbù gbóná ní International School tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní 2018. Ní oṣù kẹfà 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Èkó pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lò ó nílé ìwé ìjọba. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ẹni tí kò sí nínú ìjà náà. Ní àsẹ́ńbílì, a máa ń gbàdúrà tẹni tó ní Bíbélì, a máa ń gbàdúrà tẹni tó ní Kùránì. Ọmọ onífá ń ṣe àmín sí méjèèjì. Ní Ìwó ní 2014, nígbà tí híjáàbù àti aṣọ kóyà ṣọ́ọ̀ṣì jọ wọ ọgbà ilé ìwé kan, aṣọ oníṣẹ̀ṣe náà yọjú, gbogbo ìlú sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mo rántí. Ìpínlẹ̀ wa ti ń fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ìsinmi ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé wà ní hólídè. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, owó tí ẹ kò ní ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Èmi fẹ́ bèèrè ohun tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ìpàdé òbí tí ẹ máa ń pè ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹ lè sún un sí ọjọ́ mìíràn kí bàbá Sábó lè wá. Ẹ lè ní kí ẹnì kan máa túmọ̀ níbẹ̀, ọmọ kíláàsì kẹfà tó gbọ́ èdè méjèèjì lè ṣe é, á sì dàgbà lójú ara rẹ̀. Ẹ lè kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ ọmọ kó tó dẹ́nu gbogbo kíláàsì. Ọ̀nà tí tíṣà bá gbà pe Gambo tàbí Ngozi ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni àwọn yòókù máa gbà pè é títí wọn á fi jáde. Ẹ lè fi òfin de Mọ́là bí ẹ ṣe fi òfin de fánákúlà, kí ẹ sì tú fánákúlà sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Oṣù kẹsàn-án ni a máa ń gba ọmọ tuntun, ọ̀pọ̀ yín kò sì tíì gbé ti ọdún yìí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Lábẹ́ ibi tí ẹ ti ń bèèrè ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá, ẹ fi ìlà méjì kún un: èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé ọmọ yìí, ta ló sì lè bá a kà á nírọ̀lẹ́? Bí ìjọba bá fún yín láyè, ẹ fi ìlà méjèèjì rọ́pò ìbéèrè àkọ́kọ́ pátápátá. Ẹ kó ìdáhùn wọn jọ kíláàsì sí kíláàsì, kí ẹ gbé e lọ fún àjọ tó ń rán olùkọ́ yín, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n rán sí yín. Mo ti kọ irú ìlà méjèèjì náà sínú bébà kan, ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú un bí ẹ bá ń jáde.